Kábúrétọ̀ Solex ti mọ́tò ìjàpá: títú u, fífọ̀ ọ́, títò ó padà

Bí Volkswagen ìjàpá bá ti ń kú ní sílò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ àsẹlérétọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ká lọ ra kábúrétọ̀ míì, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á lọ sí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀ tàbí Òwodé Onírin, wọ́n á gbé tòkúnbọ̀ kan dé tí kò sẹ́ni tó mọ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú u. Á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà àrùn ọjọ́sí á tún yọjú, torí pé àrùn ọ̀hún kò sí nínú kábúrétọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí torí pé èyí tí wọ́n gbé wá dọ̀tí ju èyí tí wọ́n yọ jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Solex, ìyẹn irú kábúrétọ̀ tó wà lára ìjàpá, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ohun tó ń gbó lára rẹ̀ kò pọ̀: rọ́bà dáyáfúrámù, nídù fáàfù (tó ń ṣí ọ̀nà epo, tó sì ń tì í), gásíkẹ́ẹ̀tì, àti ojú ihò tí ọ̀pá tírótù (awo tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bí ẹ bá tẹ àsẹlérétọ̀) ti ń yí. Ìyókù, ìdọ̀tí ni, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì (idẹ oníhò tíntín tí epo ń gbà kọjá), tó ti fún sukúrúù ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì ti fi sukúrúù tí kì í ṣe ti sílò tún sílò ṣe. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó ní sípánà 8, 13 àti 14, sukudiráfà pẹlẹbẹ méjì àti páànù funfun kan tó mọ́, lè ṣe iṣẹ́ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní 1975. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìjàpá kan lè ti di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, nítorí náà ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò kò sọ nǹkan kan nípa kábúrétọ̀. Ara irin rẹ̀ ni kí ẹ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikòkò epo, ìyẹn ibi tí epo ń dúró sí nínú kábúrétọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà: 30 PICT-1, 30 PICT-2, 30 PICT-3 tàbí 34 PICT-3. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ihò ìsàlẹ̀ ní mìlímítà. 34 PICT-3 ló bá ẹ́ńjìnnì 1600 oníhò méjì (tí orí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) tó jáde láti ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì 1971. 30 PICT-3 ló wà lórí 1600 oníhò kan ti 1970.

Àlàfo tó wà láàárín sítọ́ọ̀dù méjì tí kábúrétọ̀ jókòó lé kò dọ́gba fún 30 àti 34. Ti 34 fẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti fi fáìlì gbẹ́ ihò 30 kí ó lè wọ orí mánífóòlù (ọ̀pá tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì) ti 34, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Àdápítọ̀ ni wọ́n ń lò fún irú rẹ̀, wọn kì í gbẹ́ ẹ.

Orí 34 PICT-3 ni àlàyé yìí máa dá lé jù, torí òun ló ní sukúrúù tó pọ̀ jù, òun náà ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Nínú rẹ̀, fẹ́ńṣúrì (ọ̀fun tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá) jẹ́ 26 mm, mén jẹ́ẹ̀tì tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni 127.5, sílò jẹ́ẹ̀tì 55 tàbí 60, fílóòtù (ohun tó ń léfòó nínú ikòkò epo) sì wọn 8.5 gíráàmù. Ihò nídù fáàfù jẹ́ 1.5 mm.

Kí ẹ tó tú u

Ìdajì nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pe kábúrétọ̀ sí, ti iná ni. Kọ́ńtáàkì inú dísíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) tó ti jó máa ń jẹ́ kí mọ́tò ṣe bí ẹni pé epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn wọ̀nyí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ìyẹn láàárọ̀ tí mọ́tò ti sùn mọ́jú: ẹ ṣètò fáàfù sí 0.15 mm, kọ́ńtáàkì sí 0.4 mm, ojú púlọ́ọ̀gì sí bíi 0.6 mm. Lẹ́yìn náà, ẹ wo táímìnì (ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná) gẹ́gẹ́ bí irú dísíríbútọ̀ tó wà níbẹ̀, torí nọ́ńbà wọn kò bára mu.

Lẹ́yìn iná, ẹ wá afẹ́fẹ́. Mánífóòlù ẹ́ńjìnnì oníhò méjì ní rọ́bà méjì tó so ara àárín mọ́ apá òsì àti apá ọ̀tún. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ́ kí rọ́bà yìí le, kó sì sán. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní sílò, kí ẹ fi ike afínmi fín omi díẹ̀díẹ̀ yí rọ́bà náà ká, lẹ́yìn náà yí ìdí kábúrétọ̀ ká. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi pẹtiróòlù fín in. Dísíríbútọ̀ tó ń ta iná kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹ má dán an wò.

Ohun kẹta ni ọ̀pá tírótù. Ẹ di apá rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín sókè-sódò. Bó bá ń jó lọ́wọ́ yín, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó lè gbà á, torí pé sílò kò ní dúró sójú kan láéláé. Ẹ gbé e lọ fún tọ́nà tó mọ iṣẹ́, kó gbẹ́ ihò náà, kó ki búṣì idẹ bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí irú tọ́nà bẹ́ẹ̀ nítòsí, ìgbà yìí gan-an ni ríra kábúrétọ̀ míì tó bọ́gbọ́n mu.

Yíyọ rẹ̀

Ẹ tú wáyà kúrò lórí bátìrì, kí ẹ sì gbé èèyà kílínà kúrò. Ẹ yọ họ́òsì epo, kí ẹ ki bóòtù tí ó bá a mu sí i lẹ́nu, torí iwájú mọ́tò ni táǹkì wà, epo sì lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Wáyà méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan lọ sí sóòkù (awo tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù), ọ̀kan sí sólínọ́ìdì sílò (fáàfù oníná tó ń ṣí ọ̀nà epo sílò). Ẹ yọ họ́òsì fákúùmù dísíríbútọ̀ náà. Okùn tírótù wà nínú irin róbótó kékeré kan tí sukúrúù dì mú. Ẹ tú sukúrúù yẹn, kí ẹ fa okùn jáde, kí ẹ sì tọ́jú irin róbótó náà dáadáa, torí ó máa ń bọ́ sínú páànù ẹ́ńjìnnì, kò sì rọrùn láti rí. Nọ́ọ̀tì 13 méjì ló ku. Èyí tó wà lẹ́yìn máa ń fún ni níṣẹ́. Sípánà kúkúrú ló ń wọ ibẹ̀.

Bí kábúrétọ̀ bá ti kúrò, ẹ ki àkísà tó mọ́ sí ẹnu mánífóòlù lójú ẹsẹ̀. Wọ́ṣà kan tó bá já síbẹ̀ lè sọ iṣẹ́ kábúrétọ̀ di iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe ìyókù. Kí jẹnẹrétọ̀ má ṣiṣẹ́ nítòsí, kí sítóòfù má jó, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá.

Títú u

Sukúrúù márùn-ún ló mú ìdérí. Ẹ tú wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ìdérí sókè tààrà, torí gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi sukudiráfà wọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́. Irin kábúrétọ̀ rọ̀, ojú tí ẹ bá sì fi sukudiráfà há á, ibẹ̀ ni epo máa ti máa sun jáde.

Nínú ìdérí, nídù fáàfù wà níbẹ̀, sípánà 14 ló ń tú u. Wọ́ṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe wọ́ṣà lásán, a máa dé orí rẹ̀. Ẹ yọ fílóòtù, kí ẹ mì ín létí. Bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti jò, ẹ jù ú nù. Fílóòtù tó ti mu epo kò lè léfòó dáadáa, nídù kò ní tì, ikòkò á kún àkúnwọ́sílẹ̀, mọ́tò á máa tú èéfín dúdú.

Mén jẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ ikòkò, lẹ́yìn bóòtù kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Ẹ ní láti yọ bóòtù yẹn kí sukudiráfà tó lè dé ọ̀dọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnu sukudiráfà kún ojú jẹ́ẹ̀tì délẹ̀délẹ̀, torí idẹ ni, ó sì máa ń ya. Èèyà jẹ́ẹ̀tì wà lókè, ọ̀pá gígùn oníhò wẹ́wẹ́ so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń pàdé epo, ó sì máa ń dí láìsí ẹni tó fura. Sílò jẹ́ẹ̀tì àti sólínọ́ìdì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

Sukúrúù méjì tó wà lápá òsì ni kí ẹ fiyè sí. Èyí tó tóbi ni ti afẹ́fẹ́ sílò, èyí tó kéré ni ti epo sílò. Ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ wo ṣóńṣó kékeré náà dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì bí òrùka yí ṣóńṣó rẹ̀ ká, ẹnì kan ti fún un mọ́lẹ̀ jù, kò sì ní lè ṣètò epo mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà róbótó tó wà lọ́rùn wọn náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Pọ́ńbù àsẹlérétọ̀ ní ìdérí onísukúrúù mẹ́rin. Dáyáfúrámù àti sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ na dáyáfúrámù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ihò tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́ ti tó láti jẹ́ kí mọ́tò máa fà sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ àsẹlérétọ̀ lójijì. Dáyáfúrámù kejì, ti sóòkù, wà lábẹ́ ìdérí kékeré onísukúrúù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ibẹ̀ rárá.

Fífọ̀ ọ́

Ike kábúrétọ̀ kílínà tí wọ́n ń fín ló dára jù. Bí kò bá sí, pẹtiróòlù tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó á ṣe é. Tínà náà ń fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan rọ́bà, fílóòtù oníke tàbí sóòkù.

Ohun tó ṣe pàtàkì kì í ṣe kí ìta máa dán. Ọ̀nà inú ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìka sí ìkejì ihò náà kí ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń jáde. Ihò tí afẹ́fẹ́ kò bá gbabẹ̀ jáde, ẹ fín kílínà sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún fẹ́ ẹ. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ògiri, níbi tí etí awo tírótù ti ń kọjá, ni kí ẹ má gbàgbé. Bí wọ́n bá dí, sílò á dára, mọ́tò á sì máa já nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra.

Jẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ rí wáyà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ìyẹn ni pé 127.5 jẹ́ 1.275 mm. Bí wáyà bá gbẹ́ ẹ débi 1.35 mm, ìyàtọ̀ náà kéré lójú, àmọ́ ojú ihò ti fi bí ìdá 12 nínú 100 tóbi sí i, epo tó ń gbabẹ̀ kọjá náà sì ti pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni "mọ́tò yìí ń jẹ epo jù" ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn ike tí wọ́n fi ń pẹja tàbí irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló yẹ ibẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò bá dá lójú, ẹ ra òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin rúlà lé ojú ìdérí àti ojú ikòkò, kí ẹ wò ó sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rúlà, ìdérí ti tẹ̀. Ẹ tẹ́ sáńpépà onírun kíkúnná sórí gíláàsì, kí ẹ máa fa ìdérí lórí rẹ̀ ní ọ̀nà òbìrípo títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i, ẹ̀yin ará. Gọ́ọ̀mù tó bá já sínú epo, jẹ́ẹ̀tì ló ń lọ.

Ohun kan wà lára ìdérí tó ti jó ìjàpá tó pọ̀ nílẹ̀ yìí àti lókè òkun. Ọ̀pá idẹ kékeré tí họ́òsì epo ń wọ̀ kì í ṣe onísukúrúù, wọ́n kàn tì í wọlé ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru àti mímì á tú u. Ọjọ́ tó bá bọ́ jáde lójú ọ̀nà, pọ́ńbù á máa da epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, dísíríbútọ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń ta iná. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá idẹ yìí. Bó bá yí, tàbí tó mì, ẹ fà á jáde, ẹ fi sáńpépà há ara rẹ̀, ẹ fi Loctite, gọ́ọ̀mù irin tí epo kò lè jẹ, pa á lára, kí ẹ tì í padà, kí ó sì gbẹ mọ́jú. Àwọn tó ń ṣọ́ra jù tún máa ń fi wáyà so ó mọ́ sukúrúù ìdérí. Nítorí ọ̀pá yìí kan náà, fíltà epo kò gbọ́dọ̀ rọ̀ láàárín pọ́ńbù àti kábúrétọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fi sí. Ìwúwo fíltà ń fa ọ̀pá náà jáde. Ibi tó yẹ ẹ́ ni abẹ́ mọ́tò, kí epo tó dé ibi ẹ́ńjìnnì.

Títò ó padà

Páálí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa rà máa ń ní èyí tó pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ, torí wọ́n pèsè rẹ̀ fún oríṣiríṣi Solex. Ẹ má ṣe jù ti àtijọ́ nù kí ẹ tó fi wé tuntun, ihò sí ihò. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jọ ọ́ àmọ́ tó bo ihò kan mọ́lẹ̀ lè mú kí ẹ wá àrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nídù fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu: bí ṣóńṣó bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá, bí ẹ bá fi ìka tì í sókè, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá.

Dáyáfúrámù pọ́ńbù ní àṣírí kan. Ẹ to sípíríǹgì, dáyáfúrámù àti ìdérí, kí ẹ fi ọwọ́ mú sukúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfún wọn. Kí ẹ wá ti apá pọ́ńbù wọlé tán, kí ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ tó fún sukúrúù ní àgbékọjá, ìyẹn ọ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i. Bí ẹ bá fún un nígbà tí apá kò tíì wọlé, rọ́bà á le gan-an, kò ní lè rìn dé ibi tó yẹ, á sì tètè ya.

Bí ẹ bá ti bu epo sínú ikòkò, ẹ fi sìríǹjì 20 ml láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì wọn ohun tí pọ́ńbù ń tú jáde. Ẹ ṣí tírótù délẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gba epo náà. Bíi 15 ml ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn 1.5 ml ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí kò bá tó, ẹ yí ìtò apá pọ́ńbù padà kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ibi tí epo ń ta sí náà: àlàfo tó wà láàárín ògiri àti etí awo tírótù tó ń ṣí ló yẹ kó gbà, kì í ṣe ara fẹ́ńṣúrì. Ọ̀pá tíntín tó ń tú u máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Gíga epo nínú ikòkò ni wọ́ṣà nídù fáàfù wà fún. Bí kábúrétọ̀ bá ti wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ yọ họ́òsì epo àti ìdérí. Ẹ fi ọ̀pá rúlà wọ̀n láti ojú ikòkò sí ojú epo. Fún 34 PICT-3, 17 sí 19 mm ni. Bí epo bá ga jù, ẹ fi wọ́ṣà tó nípọn sí i, bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́. Wọ́n ń tà wọ́n ní 0.5, 1.0 àti 1.5 mm. Ẹ má tẹ apá fílóòtù, kò wà fún títẹ̀.

Bí epo bá ṣì ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ lẹ́yìn nídù tuntun àti fílóòtù tó dára, pọ́ńbù epo ló ń ti epo jù. Ọ̀pá tó ń ti pọ́ńbù kò gbọ́dọ̀ yọ ju 13 mm lọ lókè gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá dé òkè pátápátá. Ọ̀pá méjì ló wà: ti ẹ́ńjìnnì onídánámò gùn ní 108 mm, ti alitanétọ̀ jẹ́ 100 mm. Wọ́n máa ń gbé ọ̀kan sípò èkejì. Bó bá jẹ́ pé gíga nìkan ni, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì kún ìdí pọ́ńbù.

Sóòkù: ìkọ́ irin wíwé tó wà nínú ìdérí dúdú gbọ́dọ̀ mú apá sóòkù kí ẹ tó de sukúrúù mẹ́ta rẹ̀. Ẹ fi àmì ara ìdérí sí àmì àárín ara ilé rẹ̀. Wáyà rẹ̀ ń gba iná fóòtì 12 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, kó sì ṣí sóòkù pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nílùú Èkó, ooru pọ̀ débi pé àwọn kan máa ń yọ wáyà náà. Kò burú bí ẹ bá kọ́kọ́ yí ìdérí títí awo sóòkù á fi dúró ní ṣíṣí pátápátá. Ẹni tó kàn yọ wáyà, tó fi awo sílẹ̀ ní títì ìdajì, epo ló ń jó dànù lójoojúmọ́.

Sólínọ́ìdì, ẹ fi iná bátìrì kàn án, kí ẹ gbọ́ "kẹ́". Bí kò bá dún, mọ́tò á máa kú ní gbàrà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn mẹkáníìkì kan ń gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò kí mọ́tò lè máa ṣiṣẹ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbígbóná á ṣì máa yí gìdìgìdì fúnra rẹ̀.

Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdí, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì méjèèjì ní àgbékọjá, láìfipá. Okùn tírótù, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ àsẹlérétọ̀ kanlẹ̀, kí ẹ wá de irin róbótó náà nígbà tí bíi 1 mm bá kù kí apá tírótù tó kan ibi ìdádúró rẹ̀. Bí kò bá sí àlàfo yẹn, ẹsẹ̀ yín á máa fa okùn títí á fi já, tàbí kó tẹ ọ̀pá tírótù.

Sílò

Ibi yìí ni wọ́n ti ń ba 34 PICT-3 jẹ́ jù. Sukúrúù kan wà lára apá tírótù tó kan irin onípele ti sóòkù. Ó jọ sukúrúù sílò, kì í sì í ṣe òun. Ẹ ṣí sóòkù pátápátá, ẹ tú sukúrúù yẹn títí kò fi ní kan irin onípele mọ́, ẹ yí i padà títí á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìpele tó kéré jù, kí ẹ tún fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un. Awo tírótù á ṣí ní bíi 0.1 mm. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ bá fi òun gbé sílò sókè, awo á ṣí kọjá ihò fákúùmù dísíríbútọ̀, táímìnì á yí padà ní sílò, àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ògiri á ti máa tú epo kí ẹ tó tẹ àsẹlérétọ̀, mọ́tò á sì máa já nígbà tó bá ń gbéra. Gbogbo ọgbọ́n tí ẹ bá ta sí sukúrúù méjì apá òsì kò ní ràn.

Ẹ wá rọra yí sukúrúù kékeré wọlé títí á fi kanlẹ̀, ìka méjì ló ń ṣe é, kí ẹ tú u ní ìyípo méjì ààbọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tóbi. Ẹ tan mọ́tò, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí sóòkù sì ti ṣí. Ẹ fi èyí tó tóbi gbé sílò sí bíi 850 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tú èyí tó kéré díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi yára dé ibi tó lè yára dé, kí ẹ wá yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ sílẹ̀ ní 20 sí 30 ìyípo. Ẹ fi èyí tó tóbi dá a padà sí 850. Ó tán.

Bí sukúrúù kékeré kò bá yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà rárá, ẹ padà sí sílò jẹ́ẹ̀tì, ó dí, tàbí kí ẹ padà sí rọ́bà mánífóòlù.

Fún àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni pẹtiróòlù lásán tó wà níbẹ̀ ti di E10 (tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100), ọtí ẹtanọ́ọ̀lù yìí sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Họ́òsì tí wọ́n kọ R9 sí lára ni kí ẹ rà, kí dáyáfúrámù sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹtanọ́ọ̀lù. Ní ìgbà òtútù, ẹ tún wo ọ̀pá tíntín tó ń gbé ooru sálẹ́ńsà gba abẹ́ mánífóòlù kọjá. Bó bá ti dí, yìnyín á máa dì sí ọrùn mánífóòlù, mọ́tò á sì máa kú láàárọ̀ láìka bí kábúrétọ̀ ti mọ́ tó. Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yẹ kó gbóná débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ sí i pẹ́.

Lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọ̀ igi gbígbẹ, búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ló dára. Dúdú bí èédú tó gbẹ túmọ̀ sí pé epo pọ̀, ẹ padà sí gíga epo àti sóòkù. Funfun túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹ má wa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, torí ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tutù fún máa ń gbóná jù, ó sì lè jó fáàfù. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ná, kí ẹ tó ronú kan jẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì 13 méjì ti ìdí kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀.